Mélòó ni afẹ́fẹ́ yìí?

Tí ẹ bá yìnbọn sí irin tó wà ní yáàdì 1,000, ẹ máa dúró díẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ọta bà á. Ọta tèmi máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 lójú ọ̀run kó tó débẹ̀. Ìró irin náà á tún lo bí 2.7 kó tó padà wá sí etí mi. Gbogbo rẹ̀ lé ní mẹ́rin. Ó ti mọ́ mi lára láti máa kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tí mo bá ka ẹ̀rin kọjá tí ń kò gbọ́ nǹkan kan, mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ó ṣòro fún ẹni tí kò bá ṣe eré ìdárayá yìí rí láti gbà pé afẹ́fẹ́ ni wàhálà wa. Ìbọn .308 ni mò ń lò. Ọta rẹ̀ wúwo tó grain 175 (grain ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìwúwo ọta), eré tó sì fi ń jáde lẹ́nu ìbọn jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó dé yáàdì 1,000, ilẹ̀ ti fà á wálẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ. Gíga ilé alájà mẹ́ta nìyẹn. Síbẹ̀, áàpù ìṣírò ọta tó wà lórí fóònù mi á sọ iye tó yẹ kí n yí awò orí ìbọn sókè, mo yí i, ọta á sì balẹ̀ sí ibi tí mo fẹ́, tó bá tilẹ̀ yẹ̀ pàápàá, kò ní ju ínṣì mélòó kan lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan, tó ti ẹ̀gbẹ́ wá gbọnrangandan, ẹsẹ̀ bàtà 8 péré ni yóò gbé ọta yìí kúrò lójú ọ̀nà. Mẹ́jọ kéré sí ọgbọ̀n gan-an. Ṣùgbọ́n inú mẹ́jọ yẹn ni gbogbo àtàsé mi ti ń wá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ kì í yí ohùn padà. Bó ṣe fa ọta láàárọ̀ náà ni yóò fà á nírọ̀lẹ́. Eré ọta, mo ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ooru, ìfúnpá afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin, Kestrel tó wà lápò mi, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ojú ọjọ́ àti afẹ́fẹ́, ń sọ gbogbo rẹ̀. Bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ já, àwọn tó ṣe é ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà G7 rẹ̀ síta. Ó wá ku àpótí kan lójú áàpù náà, èyí tí wọ́n kọ “wind” sí. Ohunkóhun tí mo bá tẹ̀ síbẹ̀, ojú mi ló sọ ọ́. Áàpù kò ní bá mi jiyàn. Tí mo bá tẹ máìlì 4, á ṣírò 4 fún mi fínnífínní títí dé ìdá mẹ́wàá ínṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 9 ló ń fẹ́ níta.

Ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti dé Texas tipẹ́ kí n tó dé, ni wọ́n mú mi mọ pápá tí a ti ń yìnbọn, ó tó wákàtí méjì sí Houston. Oko màlúù ni tẹ́lẹ̀. Níbi tí a máa ń dùbúlẹ̀ sí, òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan wà lọ́wọ́ òsì, igi oak sì tò tẹ̀lé e lápá kan náà títí dé bíi yáàdì 250. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalasa. Koríko ni, lẹ́yìn rẹ̀ adágún omi kékeré tí àwọn màlúù ń mu nígbà kan, lẹ́yìn rẹ̀ òkìtì ńlá tó ń gba ọta dúró. Iwájú òkìtì yẹn ni wọ́n gbé irin sí, wọ́n kùn ún ní funfun, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 24.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yìn dé yáàdì 1,000, mo na Kestrel mi sókè, ó sọ 4. Mo tẹ 4 sínú áàpù, mo yí awò, mo yìn. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kò sí nǹkan kan. Mo tún yìn. Eruku sọ lápá ọ̀tún, ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ jìnnà sí etí irin.

“Mélòó lo pe afẹ́fẹ́ yìí?” Ẹ̀gbọ́n ò gbójú kúrò nínú awò awọ̀nàjíjìn wọn.

“Mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n. Kestrel ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Níbo ni Kestrel wà?”

“Ọwọ́ mi nìyí, sà.”

“Irin ńkọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ lòun náà wà?”

Wọn ò fi kún un. Mo gbójú sókè, mo wo ibi tí igi oak parí sí. Koríko ibẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, kò sì gbérí. Ojú adágún ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ewé kan ò mì. Kestrel kò purọ́ fún mi. Afẹ́fẹ́ ibi tó wà ló wọ̀n, ẹ̀yìn òkìtì ló sì wà. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òkìtì lọ sọ ní àárín pápá.

Bàbá bàbá mi ṣọdẹ nínú igbó Ṣakí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, wọ́n á bu eruku, wọ́n á dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́. Iṣẹ́ tí Kestrel ń ṣe náà nìyẹn, wọ́n kàn fi nọ́ńbà sí i ni. Ó sì tó ọdẹ, torí òórùn ara rẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹran gbọ́, ibi tó dúró sí gan-an ni òórùn náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran tí ṣakabùlà fẹ́ pa kò jìnnà tó kí afẹ́fẹ́ rí ọta gbé. Ọ̀nà tèmi jìn tó yáàdì 1,000, afẹ́fẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, n kò sì lè da eruku sílẹ̀ ní àárín adágún.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, torí òun ló yí ọ̀nà tí mò ń gbà ronú padà. Bí máìlì 10 bá ń gbé ọta mi lọ ní nǹkan bí ínṣì 100, a jẹ́ pé máìlì kan ṣoṣo ń gbé e ní ínṣì 10. Irin náà jẹ́ ínṣì 24. Láti àárín rẹ̀ dé etí, 12 ni. Tí mo bá fi máìlì kan lé díẹ̀ ṣìṣe, mo ti tàsé, kódà bí ọwọ́ mi kò bá gbọ̀n rárá. Ẹ jáde síta nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yín lójú, kí ẹ sọ fún mi bóyá máìlì 6 ni tàbí 7 ààbọ̀. Ohun tí irin yẹn ń bi mí nìyẹn.

Ní yáàdì 500, afẹ́fẹ́ 10 kan náà kò gbé e ju nǹkan bí ínṣì 21 lọ. Ọ̀nà jìn ní ìlọ́po méjì, ìyẹ̀sọ́tùn-ún-yẹ̀sósì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àwọn ti mọ afẹ́fẹ́ kà nìyẹn, títí wọ́n fi kúrò ní 500.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ń ti ọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ṣe ń ti ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣírò kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ Isidore Didion pè, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ lórí ìbọn ńlá ní ọ̀rúndún 19, ẹ sì lè ṣe é lórí pépà. Ẹ wo iye àkókò tí ọta fi rìn gan-an, 1.72. Ẹ wo iye tí ì bá fi rìn ká ní kò sí ohun tó ń dá a dúró, tó ń bá eré ẹnu ìbọn lọ títí: yáàdì 1,000 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ẹ fi 2,600 pín in, ó jẹ́ 1.15. Ìyàtọ̀ wọn, 0.57, ni àkókò tí ọta fi pẹ́. Máìlì 10 ní wákàtí kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14.67 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 0.57 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí ẹsẹ̀ bàtà 8 lé díẹ̀. Pípẹ́ yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbowó lórí rẹ̀. Ọta tí kò bá pẹ́, afẹ́fẹ́ kò ní nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọta tó ń sáré gan-an láti ẹnu ìbọn ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò gùn tó sì ṣe pẹlẹbẹ níwájú, kíá ló máa rẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé e ju ọta tó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ tó sì la afẹ́fẹ́ dáadáa lọ. Ẹ̀gbọ́n kúrò nínú .308 nítorí èyí, 6.5 Creedmoor, irú ọta mìíràn tó ń la afẹ́fẹ́ dáadáa, ni wọ́n ń yìn. Èmi dúró síbi tí mo wà, torí mo fẹ́ kí àṣìṣe mi máa hàn.

Níbo wá ni afẹ́fẹ́ ti ṣe pàtàkì jù lójú ọ̀nà? Àríyànjiyàn kì í tán lórí èyí ní pápá wa. Afẹ́fẹ́ tó bá ọta nítòsí máa ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ọta náà á sì máa bá ọ̀nà yẹn lọ dé òpin. Ẹni tó ṣìnà ní oríta àkọ́kọ́ á jìnnà sílé ju ẹni tó ṣìnà ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọta mi bá fi máa dé òpin, eré rẹ̀ ti wálẹ̀ láti 2,600 sí bíi 1,200, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń pẹ́ lójú ọ̀nà síi. Ní àárín ọ̀nà, ó tún wà lókè: ó máa ń ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 12 ju ìlà tí ojú mi ń tọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ òkè sì máa ń le ju ti ìsàlẹ̀ tí koríko ń dá dúró lọ. Ní pápá tiwa, mo gbà pé àárín ló ni ọ̀rọ̀, torí igi oak ti gba afẹ́fẹ́ itòsí. Ní pápá míì, ó lè jẹ́ itòsí. Kò sí áàpù tó mọ ibi tí igi pápá yín parí sí.

Ibi tí mo ti jìyà jù ni ọ̀rọ̀ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ojú aago la fi ń sọ ọ́: irin wà ní aago 12, ọwọ́ ọ̀tún mi ni aago 3, òsì ni aago 9. Afẹ́fẹ́ aago 3 ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ti aago 1, ìdajì agbára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdajì wà ní àárín 12 sí 3, ní aago 1 ààbọ̀, ṣùgbọ́n ìdá 7 nínú 10 ló wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ máìlì 10 bá ń ti aago 3 bọ̀, tó wá yẹ̀ díẹ̀ sí aago 2 ààbọ̀, kò ju ínṣì 3 lé díẹ̀ lọ tí ọta mi máa fi yàtọ̀. Irin kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ 10 kan náà bá ń ti iwájú mi bọ̀, tó ń mì láti aago 11 ààbọ̀ sí 12 ààbọ̀, agbára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á lọ láti 2.6 lápá òsì sí 2.6 lápá ọ̀tún. Ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ìyẹ̀díẹ̀ kan náà ni o. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé afẹ́fẹ́ iwájú ò ṣe nǹkan kan, á tẹ òdo sínú áàpù.

Ojú ló kù tí a ó fi mọ̀ ọ́n. A ti ta ọ̀já pẹlẹbẹ mọ́ òpó mélòó kan bí àsíá. Tí àsíá bá yọrí kúrò lára òpó, àwọn ológun Amẹ́ríkà máa ń kọ́ni pé kí a wo ìwọ̀n igun tó fi yọrí, kí a pín in sí mẹ́rin: igun 60, máìlì 15. Mo máa ń lò ó, n kì í fi ọkàn tán an, torí àsíá tó gba omi òjò sára kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó gbẹ. Afẹ́fẹ́ 3 sí 5, ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú yín, kò ní ṣe igi ní nǹkan. Láti 5 sí 8, ewé kò ní dúró jẹ́ẹ́. Tó bá ti kọjá 8, eruku á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, bébà á máa fò kiri.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tí àwọn ayìnbọn ń pè ní mirage. Nígbà tí oòrùn bá mú, ooru á máa gbọ̀n lókè ilẹ̀ bí omi tó ń ṣàn. Mo máa ń tún awò awọ̀nàjíjìn ṣe kó má ríran dé irin, kó ríran dé adágún. Irin á ṣú díẹ̀, odò ooru á sì yọ kedere. Tí kò bá sí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, odò yẹn á dìde lọ sókè tààrà, bí omi tó ń hó. Tí afẹ́fẹ́ bá dé, á tẹ̀ sí ibi tó ń lọ. Bó ṣe ń le sí i ló ń sùn sí i, nígbà tó bá sì tó máìlì 12, á ti sùn pátápátá, kò ní sọ ìyàtọ̀ 12 sí 16 fún yín mọ́. Ní ọjọ́ kan, mo ń wò ó, ó ń ṣàn lọ sí ọ̀tún jẹ́jẹ́, ọwọ́ mi ti wà níbi tí mo ti fẹ́ yìn. Lójijì ó hó. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo kà dé mẹ́fà, odò náà tẹ̀ sí òsì. Afẹ́fẹ́ ti yí ojú padà. N kò yin ìbọn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo kà á kún ọ̀kan lára ìgbà tí mo ṣe dáadáa jù.

Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ sí pápá tí wọ́n á lo ìdajì wákàtí lórí Coriolis, ìyẹn bí yíyípo ayé ṣe ń yẹ ọta. Òótọ́ ni ó wà. Ní Houston, ó tó bí ínṣì 2 sí ọ̀tún ní yáàdì 1,000. Tí mo bá dùbúlẹ̀ sí Ṣakí, tó sún mọ́ àárín ayé, kò ní tó ínṣì 1. Yíyípo ọta fúnra rẹ̀ tún ń fà á sí ọ̀tún, bí ínṣì 8 tàbí 9, torí inú ìbọn wa ń yí i sí ọ̀tún. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú áàpù, ó tọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ju àṣìṣe afẹ́fẹ́ máìlì kan lé díẹ̀ lọ, ẹni tó fi ìdajì wákàtí ṣírò rẹ̀ kò sì tíì gbójú sókè wo koríko. Ó ń dùn mí, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Lọ́dún 1874, ní Creedmoor, Long Island, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Ireland bá ara wọn yìnbọn ní yáàdì 800, 900 àti 1,000. Ayìnbọn mẹ́fà mẹ́fà, ìbọn tí kò ní awò. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi 934 borí 931. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá wọn ṣírò, afẹ́fẹ́ kan náà ló sì ń fẹ́ lójú ọ̀nà 1,000 wọn. Orúkọ pápá yẹn ló wà lára ọta Ẹ̀gbọ́n lónìí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù kò náni ju ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù lọ. Kí n tó yìn, mo kọ nọ́ńbà tí mo pe afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọta bá balẹ̀, mo wo ibi tó bà, mo bi áàpù pé: afẹ́fẹ́ mélòó ló lè gbé e débí? Mo kọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíkọ ṣáájú ló ṣòro. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ọta balẹ̀ á máa sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé mi pé oṣù mẹ́rin, mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti òsì wá, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo ni mò ń fojú kéré rẹ̀. Ti ọ̀tún kì í rí bẹ́ẹ̀. Òkìtì yẹn ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì wà lẹ́yìn òkìtì, ara mi sì ń sọ fún mi pé kò sí afẹ́fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi rí koríko.

N kì í tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo sínú áàpù mọ́. Èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí mo rí ni mo ń tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá rí 6 sí 9, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ínṣì 30, irin sì jẹ́ 24, nítorí náà mo dúró. Tó bá jẹ́ 6 sí 8, ínṣì 20 ni, irin gbà á. Mo mú 7, mo yìn.

Orúnkún Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ mọ́. Orí àga ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, tàwọn ti awò wọn. Sátidé tó kọjá, afẹ́fẹ́ ń ti òsì bọ̀, òkìtì bò mí mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

“Mélòó ni?”

“Mẹ́fà sí mẹ́jọ, sà. Mo mú méje.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Koríko ẹ̀yìn adágún ni.”

Wọn ò dáhùn. Mo kọ 7 sínú ìwé, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìbọn, mo yìn. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Irin dún.

“Etí ọ̀tún,” Ẹ̀gbọ́n sọ, “ó ku díẹ̀ kó yọ.”

Mo fa ìwé sọ́dọ̀, mo kọ 8 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 7.